Ìsinmi ní Detroit lákòókò Autorama: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Oríṣi èèyàn méjì ló máa ń bi mí nípa Autorama, àfihàn mọ́tò tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà: ẹni tí mọ́tò ti gba ọkàn rẹ̀ pátápátá, àti ẹni tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fẹ́ fà lọ́wọ́ lọ. Àwọn méjèèjì ni mo ń dá lóhùn níbí. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá wo mọ́tò nìkan, tó sì gba pápákọ̀ òfúrufú lọ, kò tíì rí ìdí tó fi jẹ́ pé Detroit ni wọ́n ti ń ṣe àfihàn yìí. Ìdí yẹn wà nígboro, nínú àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan kún un.

Kí ni Autorama gan-an? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tuntun ni?

Rárá o. Ibi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń fi mọ́tò tuntun hàn ni Detroit Auto Show, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mọ́tò tí wọ́n dárà sí ló ń wá sí Autorama. Ẹnì kan ti ra Ford ọdún 1932 tó ti dípẹtà, ó ti tú u palẹ̀ títí dórí ṣasí, ìyẹn egungun ìsàlẹ̀ mọ́tò, ó ti gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, ó ti ki ẹ́ńjìnnì mìíràn bọ̀ ọ́ nínú, ó ti kùn ún ní ọ̀dà tó jinlẹ̀ débi pé èèyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe díńgí. Ohun tí ẹ máa rí nìyẹn, ní ìlọ́po lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Àwọn olùṣètò ní mọ́tò, ọkọ̀ akẹ́rù àti alùpùpù tó ń wá máa ń ju 800 lọ.

Michigan Hot Rod Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe kó lè sáré, ló dá a sílẹ̀ ní 1953, nínú gbọ̀ngàn kan ní Yunifásítì Detroit, pẹ̀lú mọ́tò tí kò ju nǹkan bí ogójì lọ. Owó ni wọ́n ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń fi títì ìgboro sáré àsápajúdé, ẹgbẹ́ náà sì fẹ́ kọ́ pápá tí wọ́n á ti máa sá eré wọn láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ní 1961 wọ́n gbé àfihàn náà lọ sí Cobo Hall létí odò. Ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Orúkọ ilé náà ló yí padà. Huntington Place ni wọ́n ń pè é báyìí, àmọ́ bí ẹ bá béèrè Cobo lọ́wọ́ àgbàlagbà Detroit, á júwe rẹ̀ fún yín láìronú.

Ìgbà wo ni?

Ìparí oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, láti Ẹtì dé Àìkú. Ẹ wo ọjọ́ tọdún yín lójú ewé Autorama kí ẹ tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ga rárá bí a bá fi wé ohun tí bàálù àti ilé ìtura máa gbà. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó dà yín láàmú.

Oṣù Kejì ní Michigan? Ṣé òtútù ò ní pa wá?

Òtútù wà. Omi máa ń dì, yìnyín sì lè bọ́ nígbàkígbà, afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú odò wá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ bàtà tó nípọn tí kì í yọ̀, ẹ fi ìbọ̀wọ́ àti fìlà tó bo etí kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: inú ilé ni ẹ máa wà jù. Òtútù yìí gan-an ló jẹ́ kí àfihàn náà wà lásìkò tó wà. Lásìkò yìn-ín-yín kò sí olówó mọ́tò kankan tó máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde sí títì tí wọ́n da iyọ̀ sí kí yìnyín lè yọ́. Inú gáráàjì ni wọ́n ń lo òtútù, wọ́n á máa parí iṣẹ́, Autorama sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n á fi í han ayé.

Láti Nàìjíríà, ṣé ó ṣeé ṣe?

Òfin físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà ti yí padà léraléra láìpẹ́ yìí. Ẹ wo ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ, ẹ má tẹ̀ lé ti aṣojú tó ń polówó lórí WhatsApp. Títí físà á fi wọ ọwọ́ yín, ẹ má san owó tí kò ṣeé gbà padà. Ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ESTA, ìwé àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe físà, wọlé, ìyẹn rọrùn díẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní Amẹ́ríkà kò ní wàhálà kankan níbí. Láti Chicago, ọkọ̀ ojú irin Amtrak tí wọ́n ń pè ní Wolverine máa ń gbé èèyàn dé Detroit ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún.

Gbogbo ènìyàn ń pariwo Ridler, Ridler. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Don Ridler ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà háyà láti máa polówó àfihàn wọn. Lẹ́yìn tó kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì ẹ̀yẹ kan, Al Bergler ló sì kọ́kọ́ gbà á ní 1964. Lónìí, àwọn tó ń dárà sí mọ́tò lè fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò kan ṣoṣo nítorí àmì ẹ̀yẹ yìí, owó tó ń wọ inú rẹ̀ sì lè ju mílíọ̀nù dọ́là lọ. Owó tí ẹni tó bá borí máa gbà kò tó owó ọ̀dà mọ́tò náà. Orúkọ ni wọ́n ń wá.

Òfin kan ló mú kí ó le: mọ́tò tó bá fẹ́ du Ridler kò gbọ́dọ̀ tíì yọjú sí àfihàn kankan rí. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ojú aráyé kò tíì rí i. Àwọn adájọ́ á yan mẹ́jọ lára wọn lọ́jọ́ Ẹtì, Great 8 ni wọ́n ń pè wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á wá dárúkọ ẹyọ kan.

Kí ni àwọn adájọ́ ń wò? Ohun gbogbo, títí kan ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ẹ máa rí i tí wọ́n tẹ́ díńgí sábẹ́ mọ́tò kí ẹ lè rí i pé abẹ́ ṣasí náà ń dán bíi bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń wò ó bóyá àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara mọ́tò dọ́gba láti òkè délẹ̀, bóyá orí bóòtù gbogbo kọjú síbì kan náà. Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn ni mọ́tò tó gbà á ní 2015, Impala ọdún 1965 tí ilé iṣẹ́ Chip Foose kọ́, tí wọ́n pè ní Imposter. Lókèèrè, Impala tí wọ́n rọra tún ṣe ni. Abẹ́ rẹ̀, Corvette ọdún 2008, mọ́tò asáré, ni! Wọ́n gé ara Impala náà, wọ́n sún un kì, títí ó fi jókòó sórí ohun tí kò bá a tan rárá, síbẹ̀ ojú kò lè rí ibi tí wọ́n ti gé e. Èyí tó pariwo kì í fìgbà gbogbo borí, ohun tó sì mú mi gba tiwọn nìyẹn.

Àwa kọ́ ló yẹ kí irú iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí. Àwọn wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà ìlú wa ló fi ọwọ́ kan ara mọ́lúè sórí ṣasí Mercedes 911 tó yẹ kó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹ bá ní páńẹ́lì-bítà kan nínú ẹbí, tó sì ní físà, òun ni kí ẹ mú lọ. Òun ló máa ṣàlàyé àfihàn náà fún yín ju ìwé kankan lọ.

Ọjọ́ wo ló dára jù láti wọlé?

Ọ̀sán Ẹtì. Èrò kò tíì pọ̀, àwọn tó kọ́ mọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wọn, ara wọn sì ṣì le. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èrò máa ń wọ́ tìtì. Ẹ máa rí ẹ̀yìn èèyàn ju mọ́tò lọ. Èmi á gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ fi Àbámẹ́ta rìn nígboro, kí ẹ padà wá ní ọ̀sán Àìkú.

Ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ ilé. Autorama Extreme ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tó kóra jọ síbẹ̀ kò rí ti ọ̀dà dídán rò: mọ́tò tó ṣì ní ìpẹtà lára, èyí tí wọ́n kọ́ bí àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé ṣe ń kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, pẹ̀lú orin àti ariwo tirẹ̀. Òkè dà bí ilé ìfihàn iṣẹ́ ọnà, ìsàlẹ̀ dà bí gáráàjì. Ẹlòmíràn á lo wákàtí kan lókè, á sì lo gbogbo ọjọ́ tó kù nísàlẹ̀. N ò ní dá a lẹ́bi.

Ṣé a lè fọwọ́ kan mọ́tò? Ṣé a lè ya fótò?

Ẹ ya fótò bó ṣe wù yín. Ọwọ́ kíkàn, ó di ìgbà tí olówó rẹ̀ bá ní kí ẹ kàn án. Ohun tí àlejò kì í rò ni síìpù kóòtù òtútù, bọ́kù bẹ́líìtì àti irin tó wà lára báàgì: bí ẹ bá tẹ̀ mọ́ mọ́tò láti wo inú rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ha ọ̀dà. Ẹ bọ́ kóòtù sílẹ̀ níbòmíràn kí ẹ tó wọlé. Ẹ má gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ mọ́tò kankan nítorí fótò.

Ẹ sì kí èèyàn o. Ẹni tó jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, òun ló ni í, tàbí òun ló kọ́ ọ. “Kí ló le jù nínú iṣẹ́ yìí?” Ìbéèrè yìí nìkan ti tó láti fi gba ìtàn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. “Èló ni?” kì í ya ẹnu wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn mọ́tò rárá. Kí ló máa ṣe ní Detroit fún ọjọ́ mẹ́rin?

Ọ̀gbẹ́ni, bóyá ìlú yìí á dùn mọ́ wọn ju yín lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Motown Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé iṣẹ́ orin Motown, ní West Grand Boulevard. Ilé kékeré tí Berry Gordy, ẹni tó dá Motown sílẹ̀, rà ní 1959 ni, tó sọ ní Hitsville U.S.A.; inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ ni ohùn Smokey Robinson, Supremes, Marvin Gaye àti Stevie Wonder ti jáde sí gbogbo ayé, títí dórí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa. Gordy ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Lincoln-Mercury rí, níbi tí irin lásán ti ń wọlé tí odindi mọ́tò ń jáde, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ibẹ̀ lòun ti rí bí òun ṣe lè sọ ọmọ àdúgbò di olórin. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú, nítorí àyè inú ilé náà kéré.

Detroit Institute of Arts ló kàn. Diego Rivera, ọmọ Mẹ́síkò, ya ògiri gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ láàárín 1932 sí 1933, abala mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, àwọn méjì tó tóbi jù nínú rẹ̀ sì wà lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ford ní River Rouge. Edsel Ford ló sanwó iṣẹ́ náà. Ẹ wá àga, ẹ jókòó níbẹ̀. Ẹ wo apá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ mọ́ irin, kí ẹ tó padà sí Huntington Place. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Charles H. Wright Museum sí ibẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tí dókítà kan dá sílẹ̀ ní 1965. Àfihàn rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ láti Áfíríkà, ó gba inú ọkọ̀ ẹrú kọjá. Kò rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má fi í sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Motown.

Èmi ní tèmi, mọ́tò ni mo bá wá. Kí ló kù?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Henry Ford ní Dearborn, ìlú tó bá Detroit pààlà. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀sì tí Rosa Parks kọ̀ láti dìde nínú rẹ̀ ní Montgomery ní 1955 wà níbẹ̀, ẹ lè wọ inú rẹ̀, kí ẹ jókòó. Mọ́tò Lincoln tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé wọn kò jù ú nù: wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi irin àti díńgí tí ọta kò lè wọ̀ sí i, àwọn ààrẹ sì ń lò ó títí di 1977. Greenfield Village, abúlé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kì í ṣí lásìkò òtútù yìí, ẹ má fi ọkàn sí i. Bọ́ọ̀sì máa ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ wo ilé iṣẹ́ Rouge, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ akẹ́rù F-150. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ilé iṣẹ́ tó dákẹ́ kò ní adùn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ààyè fún ibì kan ṣoṣo, Piquette ni kí ẹ lọ. Ilé iṣẹ́ Ford àtijọ́ ni, ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ ní 1904, ibẹ̀ ni mọ́tò Ford Model T àkọ́kọ́ ti jáde ní 1908. Kò tíì sí okùn tó ń fa mọ́tò lọ síwájú òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ìyẹn dé ní ilé iṣẹ́ Ford mìíràn, ní Highland Park, ní 1913. Ní Piquette, mọ́tò dúró lójú kan, àwọn èèyàn ló ń yí i ká, tí wọ́n ń fi ọwọ́ to ó. Bí ẹ bá ti wo ilẹ̀ onípákó yẹn, tí ẹ wá padà sí Autorama, ẹ máa rí i pé ọ̀nà àtijọ́ yẹn náà ni àwọn tó ń dárà sí mọ́tò padà sí.

Ṣé dandan ni ká háyà mọ́tò?

Bí ẹ bá dé sí àárín ìlú, kò pọn dandan. People Mover, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yí àárín ìlú po, ní ibùdókọ̀ ní Huntington Place. QLine, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì, ń gba ojú Woodward Avenue lọ sí itòsí Institute of Arts, Wright àti Piquette. Láti pápákọ̀ òfúrufú DTW, bọ́ọ̀sì DAX ń wá sí àárín ìlú. Fún Dearborn, ó rọrùn jù kí ẹ pe Uber tàbí kí ẹ háyà mọ́tò. Ẹni tí kò bá tíì wa mọ́tò lórí yìnyín rí, kó má fi Detroit kọ́ ọ.

Ẹ tètè gba ilé ìtura. Àwọn tó sún mọ́ Huntington Place máa ń kún nítorí àwọn tó gbé mọ́tò wá. Dearborn sábà máa ń dínwó díẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Mùsùlùmí ni wá.

Kò sí ìlú tó rọ̀ yín lọ́rùn tó Dearborn. Àwọn Lárúbáwá pọ̀ níbẹ̀ gan-an, oúnjẹ halal sì wà ní gbogbo ìkóríta: ẹran yíyan, búrẹ́dì gbígbóná, àwọn àdídùn tó ń yọ oyin. Ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2026 àti 2027 bọ́ sí àkókò Autorama. Bó bá bá yín níbẹ̀, ẹ fi ọ̀sán wo mọ́tò, kí ẹ lọ ṣínu ní Dearborn, kí ẹ kírun ní Islamic Center of America tó wà lójú Ford Road. Lóru Ramadan ìlú náà kì í sùn.

Fún ẹlòmíràn: písà Detroit, tó ní igun mẹ́rin, tí etí rẹ̀ gbẹ ṣákáṣáká. Buddy's ló ti ń ṣe é láti 1946, wọ́n sì ní inú páànù irin tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò fi ń kó nǹkan wẹ́wẹ́ sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ yan án. Ẹ wá rí i, oúnjẹ ìlú náà gan-an ti inú gáráàjì wá.

Ṣé a lè mú ọmọdé lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ di ọwọ́ wọn mú. Ẹ ka ohun tí mo sọ nípa ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kánádà wà ní òdìkejì odò. Ká sáré dé ibẹ̀ ńkọ́?

Windsor nìyẹn, ihò abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní 1930 ló sì máa gbé yín dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Gúúsù ni ẹ máa kọjú sí o, kì í ṣe àríwá. Ẹni tó ní green card kò nílò físà Kánádà, bó bá ti mú green card náà àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí kò tíì kú dání. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà pẹ̀lú físà Amẹ́ríkà lásán gbọ́dọ̀ gba ti Kánádà lọ́tọ̀. Tí ìwé yín ò bá dá yín lójú, ẹ dúró létí odò kí ẹ máa wò ó.

Oṣù Kejì kò bọ́ sí i fún wa. Ṣé kò sí ti ẹ̀ẹ̀rùn?

Ó wà: Woodward Dream Cruise, Àbámẹ́ta kẹta nínú oṣù Kẹjọ, láti 1995. Ferndale ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wá owó fún pápá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn gbé àga yín sí etí Woodward, kí mọ́tò máa kọjá níwájú yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó dùn, àmọ́ ẹ ò ní lè wo mọ́tò kan pẹ́, ẹni tó kọ́ ọ náà kò sì ní dúró bá yín sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ wo ni ká gba bàálù padà?

Ọjọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba ti ìrọ̀lẹ́ Àìkú kí wọ́n lè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wá máa fi fóònù wo ẹni tó gba Ridler ní ìlà ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfúrufú. Ẹ dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín àmì ẹ̀yẹ tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tan ẹ́ńjìnnì àwọn mọ́tò náà láti kó wọn jáde, ariwo á sì gba gbọ̀ngàn kan.